Ọmọ Tí Kò Dúró fún Fọ́tò

Nígbà tí Veronica ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ náà, fọ́tò tuntun kan ti wà lórí tábìlì ní pálọ̀. Ẹnìkan ti fi férémù sí i, ó ti nu gíláàsì rẹ̀ mọ́, ó sì gbé e síbi tí ojú ẹni tó bá wọlé yóò kọ́kọ́ bà lé. Ọmọbìnrin méjì jókòó nínú rẹ̀ lórí àga kékeré, aṣọ kan náà, irun kan náà, ọwọ́ lórí itan, wọ́n ranjú bí ẹni tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ mí. Àwọn ará ilé ti pé lé e lórí. "Ìbejì rèé," ni wọ́n ń wí. Àbẹ̀ẹ́bí, ìyá ọkọ Veronica, tí ó wọ mọ́tò láti Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ wá láàárọ̀, jókòó ti tábìlì náà, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Veronica kúnlẹ̀ kí i. Lẹ́yìn náà ó bi Kẹ́hìndé, ọmọ rẹ̀ tí ó ń jẹ búrẹ́dì nílẹ̀, pé, "Ta ló wà nínú fọ́tò yìí?"

Ọmọ náà nàka sí ti apá òsì, ó ní, "Èmi." Ó nàka sí ti apá ọ̀tún, ó ní, "Èmi náà."

Ọmọ ọdún mẹ́rin kò mọ irọ́ tí àgbà máa ń pa láti fi tu ara wọn nínú, ohun tó rí ló sọ.

Bí ẹ kò bá mọ àṣà yìí, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, a kì í fi èkejì sílẹ̀ ní òun nìkan. Láyé àtijọ́, wọ́n á gbẹ́ ère, wọ́n á máa wẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa fún un lóúnjẹ, wọ́n á tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó kù. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wá fajú ro sí ère, onífọ́tò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, kò sì sí àlùfáà tó rójú bá fọ́tò jà. Wọ́n á mú ọmọ tó kù lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á gbé e jókòó lápá òsì, wọ́n á yà á, wọ́n á tún gbé e sápá ọ̀tún, wọ́n á tún yà á sórí fíìmù kan náà. Ìyá á wá ní ìbejì padà. Ọ̀pọ̀ ìyá ni irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ti tù nínú, n kò ní bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a lábàá ni Veronica ti sọ pé irú rẹ̀ kò ní wọ ilé òun. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n dúró kí ó lọ síbi iṣẹ́, ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tí ó ti ń tẹ táípù, wọ́n gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò lẹ́yìn rẹ̀.

Táíwò ni èyí tó lọ. Èéyi ló pa á nínú ọyẹ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, 1987. Ẹnu wa kì í gbà á pé ìbejì kú, wọ́n ní ó lọ sí Èkó. Èkó wo? Ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀nà Ọjà Ìkókò, ta ló mú un wọ mọ́tò? Èkó yìí bí Veronica nínú débi pé nígbà tí aládùúgbò kan tún wí bẹ́ẹ̀, ó ní kí ó júwe ilé tí ọmọ òun dé sí fún òun kí òun lọ kí i.

Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ náà jọra. Ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé, ibi tí o bá gbé e sí ni wàá bá a. Táíwò ńkọ́? Bí wọ́n bá ń wẹ̀ ẹ́, á ti dé ojú títì pẹ̀lú ọṣẹ lára. Bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, imú rẹ̀ á kọ́kọ́ hunjọ, orí á lọ sẹ́yìn, kí ẹ̀rín tó jáde. Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́ta, Veronica wọ aṣọ tuntun fún àwọn méjèèjì, ó kó wọn lọ sọ́dọ̀ Mùnírù onífọ́tò. Táíwò kò jókòó. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n fún un ní bisikíìtì, ó jẹ bisikíìtì, kò jókòó. Mùnírù ní, "Ẹ kó wọn padà wá nígbà tó bá gbọ́n." Táíwò kò pẹ́ láyé tó èyí tí yóò fi gbọ́n.

Nítorí náà, kò sí fọ́tò rẹ̀ kankan. Ohun tí Veronica kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, tó fi mọ́ ọkọ rẹ̀, ni pé ojú ọmọ náà ti ń bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó dijú, ó pe Táíwò wá sọ́kàn, Kẹ́hìndé ló wá. Ó tún pè é, Kẹ́hìndé ni. Ẹ̀rù bà á ju ti ọjọ́ tí wọ́n sin ọmọ náà lọ. Wọ́n tún wá gbé Kẹ́hìndé méjì kalẹ̀ fún un. Bí ó bá jẹ́ kí fọ́tò yẹn wà níbẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, òun gan-an yóò gbà pé bí Táíwò ṣe rí nìyẹn, ọmọ rẹ̀ yóò sì wá kú tán pátápátá.

"Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ rò ó," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ló wà nínú èyí."

"Ìyàwó, méjì lojú mi rí."

"Kẹ́hìndé méjì ni, Màmá. Táíwò dà?"

Ọkọ rẹ̀, Ignatius, akọ̀wé nílé iṣẹ́ omi, ẹni tí kò fẹ́ràn ariwo rárá, fọwọ́ kàn án léjìká. "Ìyá Ìbejì, jọ̀ọ́, fọ́tò lásán ni."

"Bó bá jẹ́ lásán, ẹ jẹ́ kí Màmá gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀."

Ìyá àgbà dìde. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Táíwò ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sùn. Ohun tó ń dùn ún ló sọ ahọ́n rẹ̀ di líle. "Ó dára. Lọ́la, bí wọ́n bá bi ọ́ pé báwo ni Táíwò rẹ ṣe rí, kí lo máa fi hàn wọ́n? Àtẹ́lẹwọ́ rẹ?"

Veronica gbé ọ̀rọ̀ náà sùn, ó gbé e jí, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tọrọ àyè lọ́fíìsì, ó forí lé ṣọ́ọ̀bù Mùnírù nítòsí Ọjà Ìkókò.

Mùnírù mọ iṣẹ́ rẹ̀, òun náà sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ó ń to fọ́tò àwọn oníbàárà sí ẹnu ọ̀nà nígbà tí Veronica dé.

"Bàbá Ṣẹ̀fíátù, ẹ kú iṣẹ́. Ta lẹ yà fún wa lọ́jọ́sí?"

"Ìbejì yín ni. Àbí kò dáa?" Ó mú páálí dúdú kan, ó fi bo ìdajì ojú kámẹ́rà láti fi bó ti ṣe é hàn án. "Ẹ wo àárín wọn dáadáa, ẹ ò lè rí ibi tó ti pàdé. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe é, kò sí ìyá tó bínú sí mi rí."

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti orí mi. Táíwò tí mo mú wá síbí, tí ẹ ní kí n mú padà, ibo ni tirẹ̀ wà?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. "Ẹ má bínú, Ìyá Ìbejì. Ẹni tí kò dúró, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ yà á?" Ó yíjú padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó ń kùn sínú. "Ọmọ tó ba fíìmù jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ níbi ìgbéyàwó Monica."

Monica ni àbúrò Ignatius. Ọdún 1985 ló ṣègbéyàwó, nígbà tí àwọn ìbejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré kiri. Ẹsẹ̀ Veronica kò kúrò lójú kan mọ́. "Fíìmù wo nìyẹn?"

Mùnírù rántí rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ ẹ́ lánàá. Òjò ṣú, ó ní, ojú ọjọ́ sì dúdú, ó di dandan kí òun jẹ́ kí ojú kámẹ́rà là pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òun to gbogbo ẹbí síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, òun ní kí ẹnikẹ́ni má mira. Àgbà dúró, òjò tó ṣú náà dúró, àfi ọmọ kan tó já lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú tó sáré kọjá níwájú ìyàwó. Òun pariwo, wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀, òun tún àwọn yòókù yà. Fọ́tò kejì yẹn ló wà nílé gbogbo wọn.

"Àkọ́kọ́ ńkọ́? Ẹ dà á nù?"

"Èmi kì í da fíìmù nù," Mùnírù dáhùn, ojú sì tì í díẹ̀, nítorí inú agolo mílíìkì ló ń kó wọn sí, agolo náà sì ti kún abẹ́ tábìlì.

Wọ́n jọ jókòó sílẹ̀, wọ́n ń tú agolo. Ó ń na fíìmù kọ̀ọ̀kan sí ojú fèrèsé, ó ń wò ó, ó ń jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnìkan wá gba fọ́tò ìwé ìrìnnà, Mùnírù ní kó padà wá. Nígbà tó pẹ́, ó di ọ̀kan mú, kò jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Òun rèé. Mo sọ fún yín, ó bàjẹ́."

"Ẹ bá mi fọ̀ ọ́."

"Èyí? Kí wọ́n máa ní Mùnírù ló ya irú èyí? Òǹtẹ̀ mi kò ní sí lẹ́yìn rẹ̀ o."

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́."

Ó mú un wọ yàrá tó ti ń fọ fọ́tò, ibi tí gílóòbù pupa kan nìkan ń tàn. Ó ki pépà funfun bọ inú omi, ó ń mì í díẹ̀díẹ̀. Àwọn àgbà ló kọ́kọ́ jáde: Monica nínú aṣọ funfun, ọkọ rẹ̀, Ignatius, ìyá àgbà pẹ̀lú gèlè, gbogbo wọn le gbagidi. Lẹ́yìn náà, níwájú wọn, níbi orúnkún, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde bí èéfín tó ń sá. Apá rẹ̀ pọ̀ ju méjì lọ. Ojú rẹ̀ fà láti ọ̀tún dé òsì, kò sí imú, kò sí ẹnu. Ṣùgbọ́n orí náà lọ sẹ́yìn.

Veronica fọwọ́ bo ẹnu. Láìpè é, láìdijú, Táíwò dé sínú ọkàn rẹ̀ látòkè délẹ̀, pẹ̀lú imú tó hunjọ, ó ń bọ̀ wá rẹ́rìn-ín. Ó sunkún, ẹ̀rín sì ń bọ́ láàárín ẹkún náà. Inú rẹ̀ dùn, ó sì ń dùn ún, kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

"Èmi ò rí ojú kankan," Mùnírù wí pẹ̀lẹ́.

"Èmi ni mo bí i. Ẹ bá mi ṣe é ní ńlá."

Nígbà tí fọ́tò náà jáde, Veronica gbé e kọ́ sókè rédíò nílé, ó sì fi ti Kẹ́hìndé méjì sínú ọ̀rá, ó so ó, ó fi í pamọ́ de ìyá àgbà, tó ti padà sí Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Ẹ wá wo àríwísí. Ẹnìkan bi í bóyá iná ló lọ nígbà tí wọ́n ń yà á. Òmíràn, ìyàwó olùkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ní ó jọ iwin, pé kì í ṣe ohun tí onígbàgbọ́ ń gbé kọ́ sílé. Veronica ní, "Iwin yìí, èmi ni mo fún un lọ́mú." Obìnrin náà kò jókòó pẹ́.

Ignatius bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ìyá òun tó dé lọ́jọ́ Àìkú. "Wọ́n á ní o fi wọ́n ṣẹlẹ́yà."

"Bàbá Ìbejì, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dúró gbagidi yẹn, ẹ wo ara yín. Ta ni ẹ jọ níbẹ̀? Òun nìkan ló ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Bí ẹ bá máa yọ ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èmi." Ignatius wo ìyàwó rẹ̀, ó wo fọ́tò, ó lọ pọn omi.

Ìyá àgbà dé lẹ́yìn ìsìn Máàsì lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ti ròyìn fún un kó tó dé, ó sì ti ká ọ̀rọ̀ sẹ́nu. Kò dáhùn ìkíni. Ó tẹ ọ̀pá dé iwájú rédíò, ó gbójú sókè.

"Èyí lo fi rọ́pò ohun tí mo ṣe?"

Veronica wà lórí ìkúnlẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Èéfín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ojú rẹ̀ dà?"

"Ó ń sáré, Màmá. Ẹ sún mọ́ ọn."

Kò fẹ́ sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn, bóyá kí ó lè rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ èébú. Ó wo Monica. Ó wo ara rẹ̀ pẹ̀lú gèlè. Ó wo èéfín náà láti orí dé ìdí, títí ojú rẹ̀ fi dé ilẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ọmọ náà fi tẹlẹ̀ lákòókò yẹn ni kò mira. Ó hàn kedere lórí yẹ̀pẹ̀, ọmọ ìka márààrún, láìsí bàtà. Ẹsẹ̀ kejì wà lókè, bàtà funfun wà níbẹ̀.

"Táíwò," ni ìyá àgbà wí, pẹ̀lú ohùn líle kan tí wọn kò gbọ́ nínú ilé náà láti ìgbà ọyẹ́, "bàtà rẹ kan dà?"

Obìnrin àgbàlagbà náà gbọ́ ohun tí ẹnu òun sọ.

"Ó bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá," Veronica dáhùn. "Ẹ̀yin lẹ padà lọ ṣà á."

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo máa ń ṣà á." Ó wá sunkún, ẹkún tí kò sun nígbà tí wọ́n sin ín, nítorí wọ́n ní àgbà kì í sunkún ọmọdé. Veronica dìde, ó dì í mú, àwọn méjèèjì dúró níbẹ̀.

Nígbà tí ó nu ojú tán, ó fa àga kan síwájú rédíò fúnra rẹ̀, ó jókòó, ó kọjú sí fọ́tò náà, ó na ọ̀pá rẹ̀ sí Ignatius àti àwọn ará ilé tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹni tó bá fọwọ́ kan fọ́tò yìí," ó ní, "èmi pẹ̀lú olúwa rẹ̀ ni."