Mẹ́jọ-Mẹ́jọ Ni Kí Wọ́n Máa Lọ

2.
…gbogbo ọkọ̀ ogun ni wọ́n wá dà sí mi lọ́rùn.

ÀṢẸ LÁTI ỌWỌ́ Ọ̀GÁ ÀGBÀ, ÀGỌ́ OGUN MUEDA
Láti òní lọ, a tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun wa sí wẹ́wẹ́. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ kì í tò bá wa jà. Àwa náà kò ní í tò mọ́. Mẹ́jọ-mẹ́jọ ni kí ẹ máa fẹsẹ̀ rìn, kí ẹ máa sùn sí abúlé. Kápítẹ́ẹ̀nì Anselmo ni olórí. Kápítẹ́ẹ̀nì Zacarias ni yóò máa bójú tó ọkọ̀.

3.
Èmi ni Zacarias.

5.
Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé ká pín sí wẹ́wẹ́! Etí odò Messalo ni èmi àti Anselmo jókòó sí, à ń jẹ ẹja gbígbẹ. Mo ní, “Yànmùyánmú ń jẹ wá, àáké la fi ń lé e.” Ó rẹ́rìn-ín.

Àbí òun ló sọ ọ́, tí mo rẹ́rìn-ín?

6.
Abúlé Nantuli. Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ mi ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà Màmá Adelaide, àgbà obìnrin ibẹ̀. Kò kí mi rí. Anselmo àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀ ni.

MÀMÁ: Anselmo, ọmọ mi, wá jẹun.
ÈMI: Màmá, èmi ńkọ́?
MÀMÁ: Ìwọ onímọ́tò? O lẹ́nu ṣá! Mo ṣebí ariwo nìkan lo ní.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Anselmo náà rẹ́rìn-ín.

7.
Màmá fi ọ̀nà táwọn ọlọ̀tẹ̀ ń gbà hàn án. Anselmo mú àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà láì pàdánù ẹnì kan. Ọ̀gá àgbà dì mọ́ ọn níwájú mi. Mo bá wọn pàtẹ́wọ́.

Inú mi korò bíi jogbo.

8.
RÉDÍÒ
ANSELMO: Zacarias, wọ́n ti yí wa ká lókè odò. Wọ́n pọ̀. Gbé ìbọn ńlá bọ̀!
ÈMI: Ẹrẹ̀ ti gbé ọkọ̀ mì.
ANSELMO: Ṣé o ò lẹ́sẹ̀ ni?
ÈMI: Mò ń bọ̀.
ANSELMO: Àbúrò, jọ̀ọ́…

9.
Àbúrò!

10.
A fi ọkọ̀ sílẹ̀, a sáré. A bá àwọn ọmọ ogun rẹ̀ láàyè lábẹ́ igi. Kò sí Anselmo. Ẹ̀jẹ̀ wà lára koríko, ó wọ igbó lọ.

11.
Ọ̀GÁ ÀGBÀ (LÓRÍ RÉDÍÒ): Zacarias, ìwọ ni olórí wọn báyìí. Kó wọn wálé.
ÈMI: Ẹ gbọ́ ọ. Ẹ dìde.
SÁJẸ́ŃTÌ BONIFÁCIO: Ọ̀gá, ẹ má bínú. Torí ká lè yè ló ṣe jẹ́ kí àwọn ọlọ̀tẹ̀ yẹn máa lé òun wọ igbó. A ò ní í fi í sílẹ̀.
ÈMI: Àṣẹ ni.
BONIFÁCIO: Ẹ bá wa wá a, tàbí kẹ́ ẹ máa lọ.

12.
Rédíò ń pè mí.

Mò ń wo ojú wọn níkọ̀ọ̀kan. Ká ní èmi ni mo wà nínú igbó yẹn, ta nínú wọn ni ì bá kọ̀ láti lọ sílé?