Àdúrà fún Ọmọ Tó Wà ní Kánádà

"Gbé omi náà jáde kíá! Ṣé kí òùngbẹ pa àwọn àlejò ni?" Ìyá Bámgbóyè, olórí alásè ilé ìwé, ti Fúnminíyì síta tòun ti tíréè lọ́wọ́.

Ọmọ náà ń gba àárín àga kọjá, ojú ènìyàn kan ṣoṣo ló ń wò: Oyèlẹ́yẹ, àbúrò bàbá rẹ̀. Nígbà tí ìjàm̀bá ọkọ̀ pa bàbá àti ìyá Fúnminíyì lọ́nà Ìgbájọ lọ́dún tó kọjá, Oyèlẹ́yẹ kó ilé, ó kó mọ́tò tó kù, ó kó ṣọ́ọ̀bù tó wà l'Óṣogbo. Ọmọ nìkan ni kò kó.

Ilé ìwé tí Fúnminíyì ti ń wọ yúnífọ́ọ̀mù, tó ti ní bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti wá di ọmọ ọ̀dọ̀. Arábìnrin Olúrẹ̀mí, ọ̀gá ilé ìwé, pe èyí ní àánú. Àánú wo? Ọmọ ń jí fọ ìkòkò, ó ń pọnmi ìwẹ̀ fún àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, ilé ìdáná ló ń sùn.

"Ọjọ́ tí ẹnì kan nínú ẹbí rẹ bá wá sọ níwájú mi pé ọmọ àwọn ni ọ́," ni obìnrin náà máa ń wí, "ọjọ́ náà lo máa padà sí kíláàsì."

Ẹbí ti dé lónìí. Oyèlẹ́yẹ kọ́ ilé ìkàwé fún ilé ìwé ní ìrántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Owó ẹ̀gbọ́n ló fi kọ́ ọ, agbádá tiẹ̀ ló ń gbálẹ̀.

Àlùfáà tó wá ṣí ilé ìkàwé náà gbé àlùmọ́gàjí sókè, ó rẹ́rìn-ín. "A kì í ṣí ilé ìrántí lẹ́yìn ọmọ olóògbé. Ẹ jẹ́ kó wá gé rìbọ́ǹnù yìí."

Fúnminíyì dúró, ó yíjú sí Oyèlẹ́yẹ.

"Kánádà ló wà, sà," ni Oyèlẹ́yẹ dáhùn. "Èmi ni mo rán an lọ kàwé."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan ní irú àbúrò báyìí ṣọ̀wọ́n. Arábìnrin Olúrẹ̀mí náà pàtẹ́wọ́, òun tó mọ òótọ́! Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ Fúnminíyì ń wo bàtà ẹsẹ̀ wọn.

"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún ọmọ náà," ni Àlùfáà wí. "Olúwa, ṣọ́ ọ nílẹ̀ àjèjì. Má jẹ́ kó di ẹrú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Àmín!"

Fúnminíyì gbé tíréè sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Èmi nìyí, sà. Dádì kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé ọmọ yín ni mí."

Oyèlẹ́yẹ wo ọmọ tó gbé imú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wáyé. "Ta ni ọmọ yìí?" ló bi ọ̀gá ilé ìwé.

"Ẹ má bínú, sà. Ọmọ tó ń bá wa fọ abọ́ ni. Orí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pé."

"Ẹ rọra mú un lọ o," ni Oyèlẹ́yẹ wí, ohùn rẹ̀ kún fún àánú. "Ọmọlọ́mọ ni."

Òun fúnra rẹ̀ ló gé rìbọ́ǹnù. Kí wọ́n tó bu ìrẹsì fún àwọn àlejò tán, Fúnminíyì ti wà lẹ́yìn géètì, aṣọ rẹ̀ nínú ọ̀rá dúdú. Ẹnikẹ́ni ò bi í pé ibo ló ń lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ òrukàn mìíràn dé láti Òkè-Ìlá. Ìyá Bámgbóyè fi ibi tí yóò máa sùn nílé ìdáná hàn án. Arábìnrin Olúrẹ̀mí sì fọwọ́ pa á lórí, ó ní láìpẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ kíláàsì.