Kọ̀ǹpútà Tó Ń Kú Lójijì

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, àti ẹ̀yin tí ẹ kò tíì mọ̀ Ọ́n, mo kí yín. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìfaradà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní ojú tí mo fi ń rí ohun tí mo ń kọ, nítorí ọ̀rọ̀ ojú ni mo fẹ́ sọ fún yín, àti ti kọ̀ǹpútà kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìgbàgbọ́ mi lọ́wọ́ mi.

Màmá wa, Tránsito, jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin lọ́dún náà. Àìsàn kan ti ń jẹ ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wọ àárín, tó fi jẹ́ pé bí ẹni tó ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́ ni ó ń rí ayé. Dókítà ní ìlú ńlá kò fi bò fún wa: àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni òun yóò ṣe iṣẹ́ abẹ, ojú náà lè là, ó sì lè fọ́ pátápátá. Ohun kan ṣoṣo ni Màmá tọrọ.

"Mo fẹ́ rí Lisandro kó máa rìn," ni ó wí. "Fọ́tò ò tó mi. Fọ́tò kì í rìn. Ẹ jẹ́ kí n rí bàbá yín lórí ìrìn kí n tó wọ òkùnkùn, bó bá jẹ́ òkùnkùn ni."

Ọdún mọ́kàndínlógún ni bàbá wa ti kú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló yà á sínú fídíò ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, a sì ti mú kásẹ́ẹ̀tì náà lọ sí ìlú ńlá kí wọ́n fi í sínú fáìlì. Ṣùgbọ́n fáìlì náà tóbi bí erin. Tẹlifíṣọ̀n wa kọ̀ ọ́. Bí mo bá fi í hàn lórí kọ̀ǹpútà, ńṣe ló ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́, ojú bàbá mi á fọ́ sí wẹ́wẹ́, ojú Màmá kò sì lè bá a. Àfi kí n yí i padà sí irú èyí tí tẹlifíṣọ̀n lè gbé mì. Kò yẹ kó ni mí lára, nítorí iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn: fídíò ìgbéyàwó, ìsàmì, ọjọ́ ìbí ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ṣùgbọ́n a wà nínú Lẹ́ǹtì, ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ ṣáájú Àjíǹde, wọn kì í ṣe ìgbéyàwó nínú Lẹ́ǹtì lọ́dọ̀ wa, nítorí náà ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ẹ̀rọ mi kò ti ṣe ju lẹ́tà àti fọ́tò lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ mo bẹ̀rẹ̀. Ó dé ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún, ojú rẹ̀ ṣú, ó dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Mo tàn án padà. Ó dé ìdá méje, ó kú. Mo lọ se ẹ̀wà dúdú fún Màmá, mo padà wá tàn án, ó dé mọ́kànlélógójì, mo ti ń kọrin, ó kú. Bó bá jẹ́ ojú kan náà ló ti ń kú ni, ǹ bá ní fáìlì ló bàjẹ́.

"Ibo ló dé?" Màmá ké láti orí ibùsùn, bí ẹni pé bàbá mi wọ ọkọ̀ ni.

"Ó ń bọ̀, Màmá. Ó ti kọjá ìdá ogójì, àmọ́ ó tún padà."

"Bó ti máa ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá rán an ní iyọ̀ á jẹ ọbẹ̀ tẹ́."

Mo ránṣẹ́ pe Wilmer, aládùúgbò wa tó ń tún tẹlifóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe.

"Fáírọ́ọ̀sì ni, Seño Eluvia," ni ó wí kó tó jókòó pàápàá. Seño ni wọ́n ń pe obìnrin tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún lọ́dọ̀ wa.

"O ò tíì wò ó."

"Ẹ̀rọ tó bá ń kú láìdágbére, fáírọ́ọ̀sì ni. Kí lẹ gbà sí i láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì?"

"Orin ìsìn nìkan."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Àbí orin yín ló wúwo jù fún un?"

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ̀gbọ́n mi Obdulio ti ń jọ̀. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Obdulio dúró nínú ìjọ Àgùdà tí wọ́n bí wa sí; èmi ti ń lọ sí ìjọ oníhìnrere láti ọdún mọ́kànlá. Iṣẹ́ bàbá wa ni ó jogún: ní gbogbo Ẹtì Lẹ́ǹtì ó máa ń pa lẹ́búlẹ́bú pákó láró, àwọ̀ kan ní Ẹtì kan, ó ń sá a gbẹ, ó ń fi ajọ̀ jọ̀ ọ́ kúnná, títí yóò fi fi í tẹ́ ẹní aláràbarà síwájú ilé wa fún ìwọ́de Ẹtì Rere. Yàrá ni ẹ̀rọ mi máa ń wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fi yàrá náà sílẹ̀ fún àwọn obìnrin ìjọ mi láti máa kọ́ orin Àjíǹde, bẹ́ǹṣì kún inú rẹ̀, ni mo bá gbé kọ̀ǹpútà wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí Lẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀.

Obdulio gbọ́ wa, ó rẹ́rìn-ín lórí ajọ̀ rẹ̀. "Eluvia, gbàdúrà sí i. Ṣebí òkè ńlá lẹ ń ṣí nídìí ní ìjọ yín lọ́jọọjọ́ Àìkú."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá kan náà ló bí wa."

"Mo mọ̀. Òun náà ni mo ń jọ èyí fún."

Wilmer nu ẹ̀rọ náà mọ́ tónítóní, ó fi gbogbo ètò inú rẹ̀ sí i lọ́tun. Ìdá mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó kú. Ní Ẹtì ó yọ mẹ́mórì rẹ̀ méjèèjì, ó dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kú pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, ó kú pẹ̀lú ti èkejì. Ní Àbámẹ́ta ó ní iná ìjọba ni kò dúró déédéé, mo sì lọ yá ẹ̀rọ tó ń mú iná dúró, tó wà fún fíríìjì ẹran, lọ́wọ́ alápatà. Alápatà ní, "Bí ẹran mi bá rà, ìwọ lo máa jẹ ẹ́ tán." Iná dúró ṣinṣin, kọ̀ǹpútà kú. A gbé fáìlì lọ sí ọ̀dọ̀ Wilmer, ẹ̀rọ rẹ̀ tó ti dàgbà ní ọjọ́ márùn-ún ni òun máa gbà. Mo ń jókòó, mo ń dìde. Nígbà tí mo bá gbàdúrà, iye ìdá ni mo ń kà.

Ní ọjọ́ Àìkú mo lọ sí ìsìn, ara mi nìkan ló lọ. Mo dé lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, mo tan ẹ̀rọ, ó rìn, ó rìn, ó dé mẹ́tàlélọ́gọ́ta kó tó kú. Mo tàn án kíá: ìṣẹ́jú mẹ́fà, ó kú. Nígbà náà ni mo mú ìwé tí mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Bó bá ti sinmi, ó ń pẹ́. Láàárọ̀ kùtù, ó ń pẹ́. Lọ́sàn-án gangan, kì í pẹ́. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì fà á padà: ó gbóná bí àwo amọ̀ tí a fi ń yan tọ́tíyà, búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ wa.

"Kì í ṣe àìsàn," ni mo sọ fún Wilmer. "Ooru ló ń mú un dákú. Fídíò ni iṣẹ́ tó le jù tí mo ń gbé fún un."

Agogo méjì ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni bọ́ọ̀sì wa máa lọ sí ìlú ńlá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà Wilmer fi súkúdíráfà ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Fáànù inú rẹ̀ ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bí arúgbó. Ó yọ ọ́. Lẹ́yìn fáànù ni irin kan wà tó rí bí òòyà, èyí tí atẹ́gùn ń gbà kọjá láti mú ooru kúrò. Kò sí ibi tí atẹ́gùn lè gbà. Wilmer fi èékánná ká ohun kan kúrò níbẹ̀, ó sì nípọn bí aṣọ òtútù: àwọ̀ àlùkò lókè, ewé tútù lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà òféèfé, pupa nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹtì mẹ́rin, àwọ̀ mẹ́rin.

"Ẹ wá wo ẹní, Seño," ni Wilmer wí. "Wọ́n ti tẹ́ ẹ síbí, ìwọ́de nìkan ló kù."

Obdulio gbé ajọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi tó mú bí abẹ, ọ̀rọ̀ nípa ère àti ẹní àti àṣà àwọn baba. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń pọ́n ọn. Mo la ẹnu.

"Ibo ló dé?" Màmá ké.

Mo pa ẹnu dé. Ta ló gbé kọ̀ǹpútà wá sábẹ́ ajọ̀? "Èmi ni mo gbé e síbí, ẹ̀gbọ́n," ni mo wí.

"Èmi náà ni mo rí i tí mo ń jọ̀ lọ," ni ó dáhùn. Ó wọlé, ó mú pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ jáde, ó sì kúnlẹ̀.

Wilmer fi ìka di fáànù mú kó má baà yí, Obdulio ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, èmi ń fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá àárín irin. Lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ kún irun wa. Wilmer dá fáànù padà, a gbé ẹ̀rọ náà lọ sí yàrá Màmá, a ti ilẹ̀kùn. Agogo mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo bẹ̀rẹ̀. Obdulio bọ́ fìlà rẹ̀, ó ń fi í fẹ́ ẹ.

"Ẹ fi sílẹ̀," Wilmer wí, "kì í ṣe ọmọ tuntun."

"Dákẹ́. Ìwọ àti fáírọ́ọ̀sì rẹ."

Mọ́kànlélógójì kọjá. Ní mẹ́tàlélọ́gọ́ta, kò sẹ́ni tó mí. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Àádọ́rin. Mo di àpò Màmá, mo tú u, mo tún un dì. Ní agogo kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó pé.

Bàbá wa jáde sójú tẹlifíṣọ̀n. Ó ń fi ẹ̀yìn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀, ó ń bu omi wọ́n ọn, ó yíjú sí ẹni tó ń yà á, ó ń bá a wí pé kó má tẹ òdòdó òun. Màmá sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì, ó ń yí orí tẹ̀ lé e láti igun dé igun.

"Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀," ni ó wí. "Ó máa ń wọ́ ọ díẹ̀. Mo ti gbàgbé. Olúwa, mo ti gbàgbé!"

A fi í hàn lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a fẹ́ fi í hàn lẹ́ẹ̀kẹta, ó fọwọ́ dá wa dúró, ó ní ká lọ.

Nínú bọ́ọ̀sì ó di ojú rẹ̀ méjèèjì. Òkè kọjá, oko kọjá, kò là á. Ẹ̀rù bà mí.

"Màmá, ṣé ojú ń dùn yín ni?"

"Má bá mi sọ̀rọ̀, Eluvia," ni ó wí. "Ó ṣì ń rìn."

Ìwọ tí o ka èyí, kí Olúwa tí ó mọ ojú pa tìrẹ mọ́. Kí ó fi ẹni tí ọkàn rẹ ń ṣàfẹ́rí hàn ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ọ̀rọ̀ mímú ẹnu rẹ má sì ya ìwọ àti ọmọ ìyá rẹ. Àmín.