Ta Ló Ń Pe Àmọ̀kẹ́?

Láti ọjọ́ tí Sylvanus ti gbé ọkọ̀ yẹn dé Thames View, àdúgbò wa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ni kò ti bá mi lára mu. Káńpà ni wọ́n ń pè é: ọkọ̀ gàgàrà tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti ilé ìtọ̀ nínú. Wọ́n fi lọ sí etíkun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà ooru. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó síwájú ilé wọn bí àlejò tí kò mọ̀ pé ó yẹ kóun máa lọ, ó sì dí fèrèsé pálọ̀ pa.

Ọ̀rẹ́ mi ni Wúrà, ìyàwó Sylvanus. Ilé tiwọn ló kángun sí tèmi, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la sì jọ ń wọ súútánà lọ. Nígbà tí òtútù mú, ó ní òun ń rí i tí kùrukùru ń bo gíláàsì káńpà náà láti inú, bí ẹni pé èèyàn ń mí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ titì ni wọ́n tì í.

Mo ní, "Mama Eden, òtútù ni jàre."

Ó ní, "Òtútù náà ló ń wúkọ́?"

Ikọ́ ló pa bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́dún tó kọjá.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, yìnyín bo gbogbo ilẹ̀. Sylvanus ti gbé mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ ní Creekmouth láàárọ̀. Ọjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀ ni, àmọ́ ẹ mọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi gbogbo ti ṣú. Wúrà ń bó ẹ̀wà ní kíṣìnì nígbà tó gbọ́ ohùn láti inú káńpà.

"Àmọ̀kẹ́!"

Kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Mama Eden ni gbogbo wa ń pè é, àti ọkọ rẹ̀ pàápàá. Bàbá rẹ̀ nìkan ló máa ń fi oríkì pè é, ohùn bàbá náà gan-an ló sì gbọ́.

Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé òkú kì í pe èèyàn lásán? Ẹni tó bá jẹ́ ẹ, á bá a lọ ni. Wúrà fọwọ́ bo ẹnu, ó fi fóònù pe Àrínọlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

"Sister mi, bàámi ń pè mí o! Inú káńpà ni wọ́n wà!"

"O jẹ́ ẹ?"

"Rárá, ma."

"Má jẹ́ ẹ o! Má sì ṣílẹ̀kùn. Wọ́n fẹ́ mú ẹ lọ ni. Put me on speaker, jẹ́ ká lé wọn."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Wúrà da omi ìyàsímímọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó tan àbẹ́là. Ohùn náà ò lọ. Ńṣe ló ń bẹ̀ ẹ́: "Àmọ̀kẹ́, jáde wá. Àmọ̀kẹ́, jọ̀ọ́." Bàbá tí kò bẹ ọmọ rí láyé! Wúrà wo Eden tó ń sùn lórí àga, ọmọ tí kò tíì mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Bí òun bá lọ, ta ni yóò tọ́ ọ? Ó lọgun pé, "Bàámi, ẹ máa lọ! Mi ò bá yín lọ! Lórúkọ Jésù, ẹ máa lọ!"

Ohùn náà dákẹ́.

Àrínọlá ní, "Ṣé o rí i? Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run." Wúrà jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ara tù ú, inú rẹ̀ sì tún bàjẹ́, torí ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Godswill tó ń bá Sylvanus ṣiṣẹ́ fi kanlẹ̀kùn, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò dání.

"Madam, well done. Oga don finish with the water?"

"Water wo?"

"Ah-ah! He say make he drain the camper tank before ice burst the pipe. I drop am here since, na him lend me the motor."

Igbe tí Wúrà ké ló gbé mi jáde. Nígbà tí mo fi débẹ̀, Godswill ti já ilẹ̀kùn káńpà. Sylvanus nà gbalaja sílẹ̀, hítà gáàsì ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òtútù ló mú un, ló bá fi táwẹ̀lì dí gbogbo ihò afẹ́fẹ́. Èéfín tí kì í rùn ló gbé e lulẹ̀.

Kò kú. Àmọ́ dókítà ní ká ní a tètè gbé e jáde díẹ̀ sí i ni, orí rẹ̀ ì bá pé. Ní báyìí, ó ń wo Eden bí ọmọ aládùúgbò.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, Wúrà bi í léèrè pé, "Daddy Eden, ta ló kọ́ ẹ ní Àmọ̀kẹ́ tó o fi ń pè mí?"

"Àmọ̀kẹ́? Who be that? I light heater, sleep carry me. I no call anybody."

Wúrà sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Bá a bá ń sunkún, à á máa ríran ni wọ́n ń wí. Ẹ̀rù ni kì í jẹ́ kéèyàn ríran. Àrínọlá ní, "Wúrà, ọkọ rẹ ni bàámi wá gbà là. Àwa la lé wọn."

Látìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Wúrà á lọ jókòó sínú káńpà nínú òtútù yẹn, á ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ilé mi.

"Bàámi, mo gbọ́ o. Mo ń bọ̀, sà."

Kò sì sẹ́ni tó pè é.