Àpò Tí Wọ́n Gbé Sí Fíríìjì

"Ta ló gbé e síbí?"

Ọ̀gá yàrá ẹ̀jẹ̀ ló ń béèrè, ọwọ́ rẹ̀ kan ṣì di ilẹ̀kùn fíríìjì mú. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, àbíkẹ́yìn obìnrin tó ń bá sọ̀rọ̀ lè jù ú lọ, àmọ́ ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Èmi ni," ni Màmá Otútù dáhùn. "Láti àná. Mo bá a lórí ẹ̀rọ tó ń mì jìgìjìgì yẹn, láìsí yìnyín, láìsí nǹkan kan! Mo ní ẹni tó gbé e síbẹ̀ ti gbàgbé ni."

Ọdún méjìlélógún ni obìnrin yìí ti ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ pupa nínú fíríìjì, ibẹ̀ ni ìnagijẹ rẹ̀ ti wá. Àpò kan ò bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Àná ni wọ́n ní kó wá di àyè ẹni tó lọ bímọ mú ní yàrá kejì, kò sì sẹ́ni tó fi ohunkóhun hàn án. Tó bá ṣe tèmi ni, àwọn tó ní kó wá síbẹ̀ náà jẹ̀bi.

"Màmá, pílétílẹ́ẹ̀tì nìyí. Kì í gbé inú fíríìjì."

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni?"

"Inú ẹ̀jẹ̀ la ti yọ ọ́. Òun ló ń dí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Inú yàrá tí kò gbóná tí kò tutù ló ń gbé, ẹ̀rọ á sì máa mì ín kó má baà lẹ̀ pọ̀."

"Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ n rí i." Ó gba àpò náà, ó gbé e sí iwájú iná. Omi inú rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìyeyè. "Kí ni mò ń wò?"

"Ẹ mì ín díẹ̀. Tó bá ṣì dáa, ẹ máa rí i tó ń dán, tó ń yí po bí èéfín."

Ó mì ín. Kò sí nǹkan tó yí po.

"Kí ni otútù ṣe fún un?"

"Pẹlẹbẹ ni àwọn pílétílẹ́ẹ̀tì rí bí àwo. Otútù ló sọ wọ́n di róbótó. Tí a bá fà wọ́n sí ọmọ yẹn lára, ara ẹ̀ á tètè kó wọn dànù."

"Háà! Àṣé wọ́n tún ní ìrísí!" Ẹnu yà á débi pé ó gbàgbé wàhálà tó wà nílẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá rántí ọmọ náà. Ọmọ ọdún méje ni, ó wà lókè, oògùn jẹjẹrẹ ti jẹ pílétílẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ tán, imú rẹ̀ sì ti ń ṣẹ̀jẹ̀ láti àárọ̀. Màmá Otútù gbé àpò náà kalẹ̀.

"Mo ti pe ilé ìwòsàn kejì," ni ọ̀gá sọ. "Wọ́n ní ẹyọ kan, á dé lọ́sàn-án. Màá sọ fún ìyá ọmọ pé ẹ̀rọ ló kọṣẹ́."

"Ẹ̀rọ wo? Ẹ̀rọ tí ò ṣẹ ẹnikẹ́ni!"

Ó fa fóònù yọ, ó pe dẹ́rẹ́bà tó ń lọ gbé e. "Gbọ́ mi dáadáa. Má fi yìnyín sí i o!"

"Màmá Otútù, ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé ara yín yá?"

"Ara mi ò yá. Má fi yìnyín sí i, má sì jẹ́ kó pẹ́ lójú ọ̀nà."

Ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Ìyá ọmọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fún imú ọmọ náà mú, táwẹ́lì tó wà lórí itan rẹ̀ ti pọ́n.

"Wọ́n ti gbé e dé?"

"Rárá. Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo gbé e sí fíríìjì, mo rò pé mò ń tọ́jú ẹ̀ ni. Òmíràn ti wà lọ́nà, ó di ọ̀sán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."



"Mò ń bínú," ni ìyá náà sọ. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń di imú ọmọ yìí mú. Ọwọ́ mi ti kú."

Màmá Otútù fọ ọwọ́, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ fi bí ẹ ṣe ń dì í mú hàn mí."