Kílò Mẹ́tàdínlógún

Inú máa ń tètè bí mi, mi ò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ata Wẹ́wẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń pè mí láti kékeré, orúkọ náà sì ti mọ́ mi lára débi pé àwọn oníbàárà náà ti ń fi pè mí. Ohun tó máa ń bí mi nínú jù ni kí èèyàn wa ọkọ̀ wá sí ilé iṣẹ́ mi, kó ní ọkọ̀ òun ń ṣe ségesège, nígbà tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n wà. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀gbọ́n mi bá ní ọkọ̀ ń ṣe nǹkan, mo máa ń gbà. Ìdí rẹ̀ mọ ọkọ̀ ju ojú ẹlòmíràn lọ.

Nítorí náà, nígbà tó dé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, tó ní ọkọ̀ wa kò gbọ́ràn sí òun lẹ́nu mọ́, mi ò bá a jiyàn.

“Tí mo bá yà sí òsì, ìdí rẹ̀ á fẹ́ yọ̀ lọ,” ó ní. “Tí mo bá yà sí ọ̀tún, orí rẹ̀ ò ní fẹ́ yà. Lọ́dún tó kọjá, bákan náà ni méjèèjì.”

Ọkọ̀ eré oníjókòó méjì ni. Òkú ọkọ̀ ni nígbà tó dé ọwọ́ wa, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la fi ọdún mẹ́ta jí i dìde. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Òun ló dá ilé iṣẹ́ yìí sílẹ̀, òun ló kọ́ mi níṣẹ́, kó tó fi í lé mi lọ́wọ́, tó lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Lóṣooṣù, wọ́n máa ń ṣí pápá ìsáré ọkọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ ara rẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe ìdíje, kò sẹ́ni tó ń gba ife ẹ̀yẹ. Èèyàn kàn ń sáré dé ibi tí àyà rẹ̀ bá gbé e dé ni. Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń ka oṣù, èyí tó kàn sì ti ku ọjọ́ méjì péré.

Ọkọ̀ tí ìwúwo rẹ̀ kò bá pín dáadáa sórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò lè yà bákan náà sí òsì àti ọ̀tún. Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n ni pé a óò gbé òṣùwọ̀n mẹ́rin sílẹ̀ níbi tó tẹ́jú, táyà kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ á jókòó sí àyè rẹ̀ pẹ̀lú akoto lórí, torí pé òun náà wà lára ẹrù ọkọ̀. Iwájú ọ̀tún àti ẹ̀yìn òsì á para pọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdajì gbogbo ìwúwo náà, àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a óò máa yí òrùka tó wà lábẹ́ sípíríǹgì títí á fi rí bẹ́ẹ̀. Bí ìgbà tí èèyàn ń fi páálí há ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì ni. Òfin kan sì wà tí ẹ̀gbọ́n mi fi lélẹ̀ nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́: ẹni tó bá wà lórí ìjókòó kì í sọ̀, kì í sì í mira, títí iṣẹ́ á fi parí. Ọwọ́ lórí sítíárìn, ojú lọ́ọ̀ọ́kán.

Onítáyà tó ń bá mi ṣiṣẹ́ wọn afẹ́fẹ́ táyà, èmi wọn epo. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé sínú ọkọ̀ tòun ti ẹ̀wù awakọ̀ rẹ̀ tó nípọn. Mo ka òṣùwọ̀n, mo ṣí ìwé tí mo kọ ti ọdún tó kọjá sí. Àpapọ̀ ti òní fi kílò mẹ́tàdínlógún dín sí tinú ìwé.

“Ta ló jí irin lára ọkọ̀ yìí?” onítáyà béèrè.

“Òṣùwọ̀n ló bàjẹ́,” mo ní. Kí ó má baà sí àríyànjiyàn, mo gun ẹ̀yìn ọkọ̀, mo jókòó lé e. Òṣùwọ̀n fi méjìlélọ́gọ́ta lé sí i, ìwọ̀n mi gẹ́lẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín látinú akoto. “Ata Wẹ́wẹ́, kílò méjìlélọ́gọ́ta. Ọgbọ̀n nínú ẹ̀, ìbínú ni.”

Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń fi ìyẹn dá àpárá. Onítáyà rẹ́rìn-ín títí mo fi ju àkísà lù ú.

La bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá kílò mẹ́tàdínlógún kiri. A wo bátìrì, ti tẹ́lẹ̀ náà ni. Mo sùn sílẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀, mo ka bóòtù tó de irin rẹ̀ pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Onítáyà ní ká tú sípíríǹgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká gbé tuntun sí i, mo ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ọwọ́ lórí sítíárìn, ojú lọ́ọ̀ọ́kán, kò sọ nǹkan kan. Èèyàn tó máa ń dá sí gbogbo ọ̀rọ̀! Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀.

“Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ná, ẹ̀gbọ́n,” mo ní. “Ká wọn ọkọ̀ lásán.”

“O mọ òfin.”

“Ẹ̀yin lẹ ṣòfin. Mo ní ẹ sọ̀ kalẹ̀.”

Ó pẹ́ kó tó tú bẹ́líìtì. Ó di ẹnu ilẹ̀kùn mú kó tó lè dìde. Mo ka òṣùwọ̀n. Ọkọ̀ lásán pé pérépéré, bó ṣe wà lọ́dún tó kọjá, kò fi ẹyọ kílò kan dín.

Mo tún un kà. Mo wo ìwé, mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Apá òsì ni awakọ̀ ń jókòó sí, apá òsì náà ló fúyẹ́. Lọ́dún tó kọjá, kílò méjìdínláàádọ́rùn-ún ló gbé wọnú ọkọ̀ yẹn. Mo na ọwọ́, mo fa síìpù ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń bọ́ aṣọ lára ọmọdé, kò sì bá mi jà. Súwẹ́tà méjì ló wọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Mo fa ọrùn súwẹ́tà sẹ́gbẹ̀ẹ́, eegun èjìká rẹ̀ ti yọ gangan.

Mo ní kí onítáyà lọ bá mi ra omi. Ó wo ojú mi, ó lọ.

“Láti ìgbà wo?”

“Oṣù karùn-ún rèé.”

“Kí ni wọ́n sọ nílé ìwòsàn?”

“Jẹjẹrẹ ni, inú ẹ̀dọ̀. Wọ́n ní ó ti tàn kálẹ̀, iṣẹ́ abẹ ò lè ṣe é mọ́.” Bó ṣe sọ ọ́, àfi bíi pé ọkọ̀ oníbàárà ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

“Ìyàwó wa ńkọ́?”

“Ó mọ̀. Àwọn ọmọ náà mọ̀.”

“Èmi nìkan ni mi ò mọ̀? Èmi tí ẹ pọ̀n dàgbà?”

“Ìwọ ni mi ò lè sọ fún.”

“Kí ló dé?”

“Torí o máa lọ wá sípánà ni.”

Mo wo ọwọ́ mi. Sípánà tí a fi ń yí òrùka ló wà níbẹ̀, mi ò mọ ìgbà tí mo mú un.

Mo bínú sí i. Mo bínú sí dókítà tí mi ò rí rí. Mo bínú sí ara mi jù, torí oṣù márùn-ún ni mo fi ń rí i tí ojú mi wà lára táyà. Mo béèrè ilé ìwòsàn mìíràn, mo béèrè dókítà mìíràn, mo béèrè oògùn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń dá mi lóhùn, gbogbo ibi tí mo bá ní ká lọ, ó ti débẹ̀. Nígbà tó yá, mo jókòó lórí táyà àlòkù, mo sunkún.

“Ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ kọ́,” mo ní. “Kí lẹ wá gbé e wá fún?”

“Mo ní bóyá ọkọ̀ náà ni.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Mo kàn fẹ́ kí nǹkan kan wà nínú gbogbo ẹ̀ tó ṣeé tún ṣe.”

Èyí ṣeé tún ṣe lóòótọ́. Mo nu ojú mi, mo dìde, mo ní kó padà sórí ìjókòó kí n tún ọkọ̀ ṣe sí ìwọ̀n rẹ̀ báyìí, kílò mọ́kànléláàádọ́rin, ká sì tún wọ̀n ọ́n láàárọ̀ Sátidé. Ó mi orí.

“Má wọ̀n mí mọ́. Lóṣù tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo yí pápá po tí òòyì ti ń kọ́ mi. Wọlé. Jẹ́ ká ṣe é sí ìwọ̀n tìẹ.”

“Mi ò wọlé.”

“Ata Wẹ́wẹ́.”

“Mo ní mi ò wọlé! Ẹ̀yin lẹ máa wà á.”

“Èmi á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pápá, màá máa wo aago fún ẹ.” Ó na ọwọ́ sí sípánà. “Jọ̀ọ́. Mo ṣì fẹ́ rí i kó yà dáadáa.”

Ẹ̀gbọ́n mi kò bẹ̀ mí rí láyé. Mo gbé sípánà fún un. Mo dé akoto rẹ̀, mo jókòó sí àyè rẹ̀, ó fẹ̀ fún mi. Ọwọ́ lórí sítíárìn, ojú lọ́ọ̀ọ́kán.

Mo gbọ́ tó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn òsì sókè. Mo gbọ́ tó kúnlẹ̀. Sípánà kọ́ òrùka, ó yọ̀, ó balẹ̀ gbàgà. Ó mú un, ó tún yọ̀. Òrùka tí mo máa ń fi ọwọ́ kan yí! Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí bí ẹni tó gun òkè. Ọwọ́ mi ti dé ara bẹ́líìtì.

“Má mira,” ó ní látilẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kí n bá yín yí i.”

“O mọ òfin.”

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ṣùgbọ́n gíláàsì akoto ti kún fún ooru ẹnu mi, mi ò rí nǹkan kan. Òrùka yí díẹ̀. Ó sinmi. Ó tún yí díẹ̀. Nígbà tó sọ jáàkì kalẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kí táyà lè jókòó dáadáa, mo sì gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wọ́ lọ síbi òṣùwọ̀n.

“Àádọ́ta gẹ́lẹ́,” ó ní.

“Ṣé kí n sọ̀?”

Ó ti jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ohùn rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́.

“Rárá, dúró ná. Jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ kí n tó tún un kà.”

Mo di sítíárìn mú, mi ò mira.