Ẹni Tó Ń Wo Ilẹ̀kùn

Sójà kì í kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọkùnrin náà, kó kọ́kọ́ mọ ìyẹn, ìyókù á yé e. Ilé làwọn èèyàn ń wò kí wọ́n tó sọmọ lórúkọ. Ilẹ̀kùn ni òun ń wò kó tó jókòó.

Ó ja ogun nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Nígbà tí ogun parí, wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé, ó sì lọ kọ́ṣẹ́ àga. Kì í ṣe àga onígi lásán o. Àga tìmùtìmù ni, èyí tí wọ́n ń to sípíríǹgì àti fóòmù sínú rẹ̀, tí wọ́n á wá fi aṣọ tàbí awọ bò ó lókè. Ìyàwó rẹ̀ ló ń rán aṣọ tí wọ́n fi ń bò ó. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó wà lápá òsì ṣọ́ọ̀bù, tábìlì ọkọ wà lápá ọ̀tún, àwọn méjèèjì sì kọjú sí títì bí ẹni tó ń wo sinimá.

Bó ṣe rí nílé náà nìyẹn. Gbogbo àga pálọ̀ ló fẹ̀yìn ti ògiri kan ṣoṣo, tí wọ́n dojú kọ ilẹ̀kùn. Tí wọ́n bá fẹ́ jẹun, wọ́n á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí èrò inú bọ́ọ̀sì, kálukú pẹ̀lú abọ́ rẹ̀ lórí itan. Ìyàwó á na omi sí i, òun náà á gbà á láì wo ife. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti lọ sílé ìwé kó tó mọ̀ pé àwọn ẹbí mìíràn máa ń yí tábìlì ká. Ìgbà tó kọ́kọ́ rí i nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó béèrè pé ìpàdé kí ni wọ́n ń ṣe.

Tó bá gbé àga lọ fún oníbàárà, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń tò ó. Á kọjú gbogbo rẹ̀ sí ilẹ̀kùn, á ní, "Ó parí," á sì máa lọ. Kó tó dé ìta ni onílé á ti máa tún un tò. Tí wọ́n bá wá gbọ́ pé Sójà ń bọ̀ wá kí wọn, ẹ wá wo eré: bàbá ń wọ́ àga, ìyá ń wọ́ àga, ọmọ ń gbé tìmùtìmù tẹ̀lé wọn. Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìkan ni kì í yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, nítorí pé dígí ńlá wà níwájú àga tiẹ̀. Sójà lè rí ilẹ̀kùn nínú dígí náà, ìdí nìyẹn tó fi gbà kí wọ́n máa gẹ irun òun níbẹ̀.

Ìyàwó Sójà kì í ṣe aláròyé. Ọkọ rẹ̀ kì í mutí, kì í pariwo, kò gbọ́wọ́ sókè sí i rí. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Ọkùnrin náà kì í wo ojú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní tiwọn, etí ni gbogbo rẹ̀ wà. Lọ́jọ́ kan, ó fi ìgboyà gbé àga síwájú ọkọ rẹ̀.

"Dádì, ẹ jẹ́ n jókòó síbí lónìí."

Sójà wo orí rẹ̀, ó wo ìwọ̀nba ilẹ̀kùn tí orí náà jẹ́ kó ṣẹ́ kù fún un, ó gbé abọ́ rẹ̀, ó dìde, ó sì jẹun lórí ìdúró. Ìyàwó gbé àga padà. Kò tún sọ ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun.

Ogun ò pa Sójà, eruku fóòmù ló pa á. Eruku náà àti òórùn gáàmù ti wọ̀ ọ́ láyà láti ọdún yìí wá, nígbà tó sì di pé kò lè mí dáadáa mọ́, wọ́n dá a dúró sí ọsibítù. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ara ògiri tí ilẹ̀kùn wà ni ẹ̀rọ atẹ́gùn tó fi ń mí wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n gbé orí bẹ́ẹ̀dì sí. Ilẹ̀kùn wá wà lẹ́yìn Sójà. Kò sùn. Ṣe ló ń yí ọrùn, tí okùn atẹ́gùn ń já kúrò nímú rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yí bẹ́ẹ̀dì yìí," ni ìyàwó bẹ̀ ẹ́.

"Màmá, tá a bá yí i, okùn ò ní dé imú wọn."

"Ṣé ẹ ò wá lè yí ilẹ̀kùn ni?"

Nọ́ọ̀sì rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín jáde.

Ìyàwó lọ sílé, ó gbé àga kékeré kan tí ọkọ rẹ̀ ṣe wá, ó gbé e síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀ àti ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Dádì, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀. Mò ń wo ilẹ̀kùn."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Kò sẹ́nìkankan."

"Wò ó dáadáa."

"Mò ń wò ó."

Láti ìgbà náà, kò sí ohun tó kọjá tí kò ròyìn. "Nọ́ọ̀sì gíga yẹn ni. Abẹ́rẹ́ ló gbé dání." Sójà á ní, "Ó dára." "Dókítà ń kọjá lọ. Kò yà." "Ó dára." Sójà wá sùn. Nígbà tó jí, kò rí nǹkan mìíràn wò ju ìyàwó rẹ̀ lọ.

"Ìgbà wo ni irun ẹ funfun tó báyìí?"

"Ó ti pẹ́."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

"Orí mi náà ló wà, Dádì. Mi ò gbé e pamọ́."

Ó wò ó títí. "Ó yẹ ẹ́," ló wí. Inú ìyàwó dùn débi pé díẹ̀ ló kù kó gbàgbé ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì ni Sójà sọ ọ̀rọ̀ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. "Lójú ogun, èmi àti sójà ẹgbẹ́ mi kan wọ ilé kan, a rí oúnjẹ. Òun ló kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Èmi ni mò ń ṣọ́ ọ. Mo wolẹ̀ wo abọ́ mi, ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí n tó gbójú sókè, wọ́n ti pa á." Ó mí sínú, ó mí síta. "Oúnjẹ náà ò tiẹ̀ dùn."

Ó wá yé ìyàwó pé kì í ṣe ẹ̀mí ara rẹ̀ ni ọkùnrin yìí ń ṣọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ̀mí òun ìyàwó àti ti ọmọ wọn ló ń ṣọ́.

"Ẹ ti ṣọ́ wa tó," ló wí. "Ẹ máa wò mí. Èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó kú, ilẹ̀kùn ṣí. "Agbálẹ̀ ni," ni ìyàwó wí. "Ó gbàgbé ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ń wá a. Ó ti rí i. Ó ti ń lọ, ó ti ilẹ̀kùn." Ó ń retí "ó dára," kò gbọ́ ọ. Nígbà tó yí ojú padà, Sójà ti lọ. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ojú ìyàwó rẹ̀ ló sì ń wò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìyàwó náà wo ibòmíràn. Obìnrin náà pa ojú ọkọ rẹ̀ dé, ó sì sunkún gidigidi.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ará àdúgbò wá bá a kẹ́dùn. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn, gbogbo wọn tò sí ẹ̀bá ògiri, wọ́n kọjú sí ilẹ̀kùn, wọ́n ń bá ilẹ̀kùn kẹ́dùn. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: ìyàwó Sójà rí i pé àga tí onígbàjámọ̀ jókòó lé ti ń tú lójú rírán, ó sì sọ fún un pé kó rọra dìde.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọmọ rẹ̀ bu oúnjẹ wá, ó fẹ́ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Gbé àga síwájú mi."

"Mọ́mì, mo máa kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn nìyẹn."

"Mo mọ̀. Jókòó."

Ọmọ jókòó. Wọ́n ń jẹun, ẹ̀yìn ọrùn ń yún ọmọ. Ilẹ̀kùn ṣí, ẹnìkan ní, "Ẹ ǹlẹ́ níbí o."

"Mọ́mì, ẹnìkan ti wọlé."

"Jẹ́ kó wọlé," ni ìyá rẹ̀ wí, kò sì gbé ojú kúrò lójú ọmọ rẹ̀. "Jẹun."